Ìwé àkọsílẹ̀ bàálù wa kan sọnù, mẹkáníìkì wá ní ká tú bóòtù apá rẹ̀

Ẹyẹ_Òkun
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ dáwó ra Piper Arrow kan, PA-28R-201 tí wọ́n ṣe ní 1978. Ó ti pẹ́ gan-an ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tà á fún wa. Wákàtí 7,500 ló ti fò láyé rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti rà á, kò yọ wá lẹ́nu rí.

Àyẹ̀wò ọdọọdún rẹ̀ ló kàn báyìí. Mẹkáníìkì tí a gbé e fún kó gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, ó kà á, ó wá pè mí pé ìwé àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀, ìyẹn 1978 sí 1984. Ó ní nítorí náà, àwọn máa tú bóòtù ìdí apá méjèèjì, àwọn á sì fi ẹ̀rọ eddy current, tó ń fi iná mànàmáná wá ìsán tí ojú kò rí lára irin, wo inú ihò wọn, pé AD 2020-26-16 ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn àṣẹ dandan láti ọwọ́ FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó tà á fún wa ti sọ ọ́ lójú wa pé kò sí AD kankan tó kù lọ́rùn bàálù náà.

Ṣé dandan ni lóòótọ́, àbí ọkùnrin yìí ti rí wa ní ọ̀dẹ̀? Ó tún fún mi ní ìwé gígùn kan tó kún fún SB, ìyẹn ìwé ìmọ̀ràn lórí àtúnṣe, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù àti ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n ṣe gbogbo rẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ gbé e lọ bá mẹkáníìkì mìíràn, ṣé mo lè fò ó lọ?

Àwòdì28
Kí lẹ tún ń bi wá? AD ní wákàtí 5,000, tiyín ti 7,500. Ẹ lọ ṣe é. Ó tán.

Tálákà_Tó_Ń_Fò
Àwòdì, ẹ rọra. Bóòtù tí wọ́n ti fi sínú ihò rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ogójì ọdún ó lé, ẹ wá fẹ́ kí ọmọ kan gbé òòlù tì í. Bí bóòtù yẹn bá ha ihò díẹ̀ báyìí nígbà tó ń jáde, ibi tó ha yẹn ni ìsán ti máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò ṣe é tẹ́lẹ̀ lẹ máa fi ọwọ́ ara yín dá sí i lára.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ní kí wọ́n parí àyẹ̀wò ọdọọdún, kí wọ́n fi apá sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òfin fún wa ní wákàtí 10 lé lórí ohunkóhun tó bá ti kàn.

BàbáMẹkáníìkì
Ẹ̀yin méjèèjì, ó dá mi lójú pé ẹ ò tíì ka AD náà. Ọ̀fẹ́ ni lórí DRS, ibi tí FAA kó gbogbo AD sí. Ẹ lọ kà á kí ẹ tó gba ènìyàn nímọ̀ràn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Tálákà. Wákàtí 10 yẹn, àyẹ̀wò wákàtí 100 nìkan ló ni ín, ìyẹn náà sì jẹ́ ìgbà tí bàálù bá wà lọ́nà ibi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá lo 8 nínú rẹ̀, 92 ló kù fún yín kí òmíràn tó kàn. Àyẹ̀wò ọdọọdún kò ní àlékún kankan: tí oṣù 12 bá ti pé, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù yẹn ni òpin. Ti AD sì rèé, ohun tí AD fúnra rẹ̀ bá kọ ni. Bí kò bá kọ àlékún síbẹ̀, kò sí.

Ọ̀rọ̀ ihò tí ẹ sọ, òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì tó bá FAA jiyàn lórí àṣẹ yìí kí ó tó jáde sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má ṣe dandan. Ohun tó ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ mọ ẹni tí ẹ fi bàálù lé lọ́wọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á gbé apá náà lé nǹkan títí ìwúwo rẹ̀ á fi kúrò lórí bóòtù, bóòtù á wá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi òòlù lù ú gbì-gbì-gbì, ẹ ní kó dúró.

Ó kan Àwòdì. Wákàtí 5,000 tí AD ń sọ kì í ṣe èyí tó wà lójú aago. Wákàtí ìṣirò ni. Ẹ máa ka iye ìgbà tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò wákàtí 100 fún bàálù náà, ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ẹ yọ iyẹn kúrò nínú gbogbo wákàtí tó ti fò. Èyí tó kù, ẹ pín in sí 17, kí ẹ wá da méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 7,500 ti Ẹyẹ_Òkun ṣe é. Ká ní àyẹ̀wò 40 ló wà nínú ìwé: 4,000 nìyẹn. Ó ku 3,500. Tí a bá pín in sí 17, ó lé díẹ̀ ní 205. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí 4,206. Kò tíì kàn án.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé àyẹ̀wò wákàtí 100, bàálù tó ń gba owó èrò tàbí tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ló ń ṣe é. Wákàtí kan ní ilé ẹ̀kọ́, gbígbéra àti bíbalẹ̀ ni ṣáá, akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi ẹsẹ̀ bàálù gbá ilẹ̀ bí ẹni lu ìlù. Wákàtí ẹni tó ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ jẹun lọ́jọ́ Àìkú kò lè wúwo tó ìyẹn.

Ẹ má sì gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2018, apá òsì Arrow kan já lójú òfuurufú ní Daytona Beach, Florida. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìdánwò àti ẹni tó ń dán an wò kú. Bàálù náà kò gbó: 2007 ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti fò ju wákàtí 7,600 lọ nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, wo irin rẹ̀, ìsán àárẹ̀ ti jẹ ju ìdá 80 nínú 100 lọ lára ìsàlẹ̀ spar, ọ̀pá gígùn tó gba inú apá kọjá tó sì gbé e dúró. Láti ihò bóòtù ló ti bẹ̀rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ tí kò já, ìsán wà níbẹ̀ náà. Kò sí awakọ̀ tó lè rí i nígbà tó ń yí bàálù po kó tó gbéra, torí inú ló wà.

Ẹyẹ_Òkun, ìṣòro tiyín ni pé ẹ ò lè ka ohun tí ẹ ò ní. AD náà dárúkọ ìwé tó sọnù tàbí tí kò pé. Bí ẹ ò bá lè fi ìdí iye àyẹ̀wò múlẹ̀, ẹ ti bọ́ sínú àwọn tó gbọ́dọ̀ tú bóòtù. Mẹkáníìkì yín kò purọ́.

Àwòdì28
Ó dáa, Bàbá, mo gbà. Mo rò pé aago ni.

Ìyá_Ìbejì_Awakọ̀
Bàbá ti sọ ti apá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ni ín, nítorí ibẹ̀ lèmi gan-an ti fara gbá.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á kò wúlò fún ohunkóhun. Nínú òfin, 14 CFR 91.403, ẹni tó ni bàálù tàbí tó ń lò ó ni ẹrù ìlera bàálù wà lọ́rùn rẹ̀, AD sì wà nínú ẹrù náà. Kì í ṣe mẹkáníìkì, kì í sì í ṣe ẹni tó tà á. Lọ́jọ́ tí mo ra tèmi, wọ́n fún mi ní ojú ìwé kan tí wọ́n kọ "gbogbo AD ti parí" sí, mo sì rẹ́rìn-ín gbà á. Nígbà tí mo ní kí ẹlòmíràn wò ó, mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọn ò fọwọ́ kàn rí.

Ti SB, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kó yín lọ́kàn sókè. SB, ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù ló ń kọ ọ́. Bí wọ́n tiẹ̀ kọ "dandan" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, kò di dandan fún wa tí à ń fò fúnra wa, àfi tí AD bá mẹ́nu kàn án pé òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. AD nìkan ni òfin. Ìyẹn ò ní kí ẹ sọ ọ́ nù o. Ẹ bi mẹkáníìkì yín pé èwo nínú wọn ló ti rí tó ń fa wàhálà lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, á yọ bíi mẹ́rin fún yín nínú ogún.

Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ bá ẹlòmíràn, ọ̀nà wà. Ẹ ní kí ẹni tó ní IA yìí, ìyẹn àṣẹ láti ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún, parí àyẹ̀wò ọdọọdún rẹ̀, kó sì kọ gbogbo àléébù tó rí sínú ìwé kan, kó fọwọ́ sí i fún yín. Àyẹ̀wò ti wáyé nìyẹn. Ẹlòmíràn tó ní ìwé àṣẹ lè wá tún àwọn àléébù náà ṣe, kó fọwọ́ sí i, ẹ ò ní ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún tuntun. Àmọ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, ẹ ò lè fò ó lọ síbì kankan láìgba ìwé àṣẹ ìfò àkànṣe lọ́dọ̀ FAA. Ẹ tún ka AD náà dópin kí ẹ tó kọ̀wé béèrè, nítorí AD mìíràn máa ń sọ pé ìwé àṣẹ yẹn kò ràn án.

Ọmọ_Ìrọ̀lẹ́
Ẹ̀yin náà ń jẹ́ kí nǹkan le jù. Àyẹ̀wò ọdọọdún tèmi ti kọjá ní ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé e, mo fò ó fún ogún ìṣẹ́jú, mo balẹ̀ níwájú mẹkáníìkì. Ta ló rí mi?

Ìyá_Ìbejì_Awakọ̀
@Ọmọ_Ìrọ̀lẹ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò á rí yín lọ́jọ́ tí táyà bá bẹ́ níbi tí ẹ ti ń balẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè ni ọjọ́ àyẹ̀wò. Ìwé àṣẹ yẹn kì í pẹ́ títí kó tó jáde. Kí ló dé tí ẹ ò gbà á?

Ọmọ_Ìrọ̀lẹ́
Ẹ ṣé, mà.

Tálákà_Tó_Ń_Fò
Mo ti lọ kà á. Wákàtí 10 yẹn, mo jẹ̀bi, Bàbá, ẹ má bínú.

Ẹyẹ_Òkun, ọ̀rọ̀ owó ló ń dùn yín, èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè bóyá mẹkáníìkì yín á jẹ́ kí ẹ bá òun ṣiṣẹ́. Tèmi máa ń jẹ́ kí n tú àwọn ìdérí ìsàlẹ̀ apá, kí n yọ ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì, kí n fọ púlọ́ọ̀gì, kí n sì dá gbogbo rẹ̀ padà nígbà tó bá ti wò ó tán. Ọjọ́ méjì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń gbà sílẹ̀. Òfin fún awakọ̀ tó ni bàálù láyè láti dá ṣe àwọn kan pàápàá: pípààrọ̀ ọ́ìlì, táyà, púlọ́ọ̀gì, bátìrì. Ẹ ó kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ó fọwọ́ sí i. Ti AD kò sí níbẹ̀ o, ẹ má dábàá rẹ̀.

BàbáMẹkáníìkì
Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ: AD kì í lẹ̀ mọ́ ara bàálù nìkan. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, propeller, magneto (tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná), kábúrétọ̀, bẹ́líìtì ìjókòó pàápàá. Ẹni tó bá wá AD pẹ̀lú orúkọ bàálù nìkan, ìdajì ló rí. Ẹ wo magneto yín. Bó bá jẹ́ irú ti Bendix tó ní impulse coupling (ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ́ńjìnnì) tí AD 96-12-07 dárúkọ, ní gbogbo wákàtí 500 ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ wò, bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó. Àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ìyẹn torí ìgbà tó máa ń kàn kì í bọ́ sí ọjọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún.

Cessna_Pupa
Bàbá, ẹ fi ti ìjókòó kún un fún àwa tí a ní Cessna. AD 2011-10-09, wákàtí 100 tàbí oṣù 12, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Réèlì tí ìjókòó ń rìn lórí rẹ̀ ni wọ́n ń wò, ihò tí pínìnì ń bọ́ sí, àti táyà kéékèèké abẹ́ rẹ̀. Ènìyàn á rò pé kékeré ni, àfi ìgbà tó bá ro ó pé awakọ̀ di ọwọ́ ìdarí mú, ó ń gbéra, ìjókòó sì yọ̀ lọ sẹ́yìn. Ohun tó bá dì mú ló máa fà tẹ̀ lé ara rẹ̀.

Akọ̀wé_Hángà
Iṣẹ́ ìwé bàálù ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ ti lè wá èyí tó sọnù kí ẹ tó náwó.

Ẹ béèrè fáìlì bàálù náà lọ́dọ̀ FAA ní Oklahoma City, nọ́ńbà ìrù rẹ̀ ni ẹ máa fi béèrè. Ìwé àkọsílẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹ má ṣe retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Form 337, ìyẹn ìwé àtúnṣe ńlá, máa wà níbẹ̀ bí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Ẹ wá èyí tó bá kan apá. Bí ẹnì kan bá ti fi spar àlòkù rọ́pò rẹ̀ rí, ìyẹn náà ń kó bàálù sínú AD yìí, bí wákàtí ìṣirò bá tiẹ̀ kéré.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ilé ẹ̀kọ́ tó ni ín nígbà yẹn. Bí wọ́n bá ṣì wà, ẹ má béèrè ìwé àkọsílẹ̀, ẹ béèrè ìwé iṣẹ́ ilé àtúnṣe wọn. Àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ kì í da bébà nù.

BàbáMẹkáníìkì
Ẹ wo 1987 náà. Apá PA-28 kan já ní Texas lọ́dún yẹn, FAA sì pàṣẹ pé ká tú apá wọn wò, AD 87-08-08. Wọ́n fagi lé e nígbà tó yá. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé yín, ẹ má rò pé ó dí èyí ti ìsinsìnyí.

Ẹyẹ_Òkun
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní ìròyìn.

Magneto: wọ́n yọ ọ́ wò ní wákàtí 430 sẹ́yìn. Ó ku 70. Èmi ò bá má mọ̀.

Form 337 méjì ló wà nínú fáìlì, kò sí èyí tó kan apá. Ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà. Àgbàlagbà kan níbẹ̀ mú wa lọ sí yàrá kan lẹ́yìn hángà, àpótí kún ibẹ̀ dé àjà. Ọ̀rẹ́ mi wá a láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. A rí ìwé iṣẹ́ àyẹ̀wò wákàtí 100 mẹ́tàdínlógún (17). Mọ́kànlélọ́gbọ̀n (31) ló wà nínú ìwé tí a ní lọ́wọ́. Àpapọ̀ 48.

4,800. Ó ku 2,700. Pín in sí 17, ó ń lọ sí 159. 4,959!

Àwòdì28
Kò kàn yín! Àti pé bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń fò ó yìí, wákàtí 17 lẹ máa fò kó tó ka ẹyọ kan. Ó ku bíi 700 wákàtí kó tó pé. Ẹ lọ ṣe fàájì.

Akọ̀wé_Hángà
Ẹ kú oríire, àmọ́ ẹ dúró ná. Ẹ to àwọn 17 yẹn tẹ̀ léra pẹ̀lú wákàtí tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣé àlàfo kankan ò sí?

Ẹyẹ_Òkun
Mo tò wọ́n sórí tábìlì. Ọ̀kan wà ní wákàtí 1,212, èyí tó tẹ̀ lé e wà ní 1,390.

Akọ̀wé_Hángà
178 láàárín, bàálù sì ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ nígbà náà. Ó kéré tán, àyẹ̀wò kan ti sọnù níbẹ̀. Ẹ fi 49 ṣe é wò.

Ẹyẹ_Òkun
4,900. 2,600 pín sí 17 jẹ́ 153. 5,053.

Áà.

Tálákà_Tó_Ń_Fò
Bébà kan ṣoṣo! Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

BàbáMẹkáníìkì
Ẹ jẹ́ kó tú u. Kó gbé apá lé nǹkan kó tó fọwọ́ kan bóòtù, kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí eddy current sì wá fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ti rí i ṣe rí.

Ẹyẹ_Òkun
Ó ti parí lánàá. Mo dúró tì wọ́n. Bóòtù mẹ́ta jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bí Bàbá ṣe wí. Ẹ̀kẹrin ti dógùn-ún díẹ̀ lára, ó lọ́ra kó tó gbà, ọkàn mi fò lọ. Ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ti pínìnì tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ihò, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ìlà tó ń lọ lójú ẹ̀rọ. Ó ní tí irin bá ti sán, ìlà yẹn á fò sókè. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́. Wọ́n fi bóòtù tuntun sí i, wọ́n sì ti fi èsì ránṣẹ́.

BàbáMẹkáníìkì
Ọlọ́run ṣeun. Kí ló kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀?

Ẹyẹ_Òkun
"AD apá ti ṣe." Ó fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́.

BàbáMẹkáníìkì
Kò tó. Nọ́ńbà AD, ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ọ̀nà tó gbà ṣe é, wákàtí tí bàálù wà nígbà náà. Ẹ gbé ìwé padà fún un.

Ẹyẹ_Òkun
Mo ti gbé e padà fún un láàárọ̀ yìí. Ó ń bínú, àmọ́ ó ń kọ ọ́.